Òṣùwọ̀n Ẹ̀tù

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ọdẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú, kí ó má ṣe wo ìbọn èjìká rẹ̀. Ohun tí ọdẹ náà fi ń wọn ẹ̀tù ni kí ó wò. Mo ti rí ìbọn tí wọ́n fi owó ẹyọ àti awọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti ìdí dé ẹnu, tí ẹni tí ó gbé e kọ́ èjìká kò ju aṣefújà lọ. Mo sì ti rí ìbọn tí wọ́n fi okùn dè ní ibi mẹ́ta, tí igi ìdí rẹ̀ ti kán tí wọ́n sì ti fi igi mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ni ín kì í yin ìbọn dànù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sí lára irin. Ó wà lára ohun kékeré kan tí olúkúlùkù wọn fi pamọ́ sínú àpò.

Ní ilé tiwa ní Ṣakí, ohun kékeré náà ni ṣóńṣó ìwo ẹtu kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ àárín lọ. Bàbá bàbá mi ni ó gé e, ó gbẹ́ inú rẹ̀, ó sì fi irin gbígbóná fa ìlà méjì sí i lára, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ẹ̀tù bá dé ìlà ìsàlẹ̀, ti ẹyẹ ni: awó, àparò àti irú wọn. Bí ó bá dé ìlà òkè, ti ẹran ni: ẹtu, ìgalà, àgbọ̀nrín. Kò sí ìlà kẹta. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo bi í pé, 'Bàbá, ti ẹfọ̀n ńkọ́?' Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, 'Ti ẹfọ̀n kò sí nínú ẹ̀tù. Inú ẹsẹ̀ rẹ ni ti ẹfọ̀n wà. Súnmọ́ ọn.'

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mú yóò ti máa ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ẹ̀tù ni ohun dúdú tí ń jó nínú ìbọn. Ẹtu ni ẹran ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ tí ọdẹ ń wá kiri inú ẹ̀gàn. Ẹtù ni orúkọ mìíràn tí a ń pe awó, lára ìyẹ́ ẹyẹ náà ni àwọn ahunṣọ sì ti mú orúkọ aṣọ ẹtù, aṣọ aró dúdú tí ó ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn ará Ìsẹ́yìn mọ̀ ọ́n hun ju ẹlòmíràn lọ. Ọdẹ lè wọ ẹtù lọ sí òde lẹ́yìn tí ó bá fi ẹ̀tù pa ẹtu. Ohun tí ó ya mẹ́ta wọ̀nyí sọ́tọ̀ kò ju kí ohùn lọ sókè díẹ̀ tàbí kí ó wálẹ̀ díẹ̀. Mo ti máa ń rò pé ènìyàn tí èdè rẹ̀ rí báyìí kò yẹ kí ó ṣòro fún láti gbà pé ìwọ̀n kékeré lè yí ohun ńlá padà.

Kí ni ó dé tí ìlà fi ní láti wà lára ìwo náà? Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò gbé ìbọn rí lè rò pé bí ẹ̀tù bá ti pọ̀ tó ni agbára yóò ti pọ̀ tó, bí ìgbà tí a ń fi igi kún iná ọbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣakabùlà jẹ́ ìbọn tí a ń ti ẹnu ki: ẹ̀tù ni yóò wọlé ṣáájú, ọta yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí iná bá ràn án, kì í ṣe ẹnu ìbọn nìkan ni agbára rẹ̀ ń wá. Gbogbo ìhà ni ó ń tì lẹ́ẹ̀kan náà, ìbọn náà sì gbà á mọ́ra níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà iwájú bá rọrùn ju ìhà lọ. Bí ẹ̀tù bá wá pọ̀ jù, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ kò ní ráyè jó tán kí ọta tó jáde. Yóò fò jáde ní iná àti èéfín tí kò pa ẹran kankan. Apá tí ó bá jó yóò fi èjìká ọdẹ gbá igi, yóò sì máa wá ibi tí irin ti tinrín. Nítorí náà ariwo a máa pọ̀ sí i kíákíá, ewu a máa pọ̀ sí i kíákíá, ṣùgbọ́n agbára tí ń dé ara ẹran a máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn baba wa kò kọ èyí sínú ìwé, ṣùgbọ́n èjìká wọn mọ̀ ọ́n.

Alágbẹ̀dẹ sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ìlú Ògún ni Ṣakí. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: Ògún òrìṣà ni mo wí, kì í ṣe Ògùn odò tí ó ṣàn láti ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí a fi ń pe gbogbo agbègbè náà ní Òkè-Ògùn. Ọ̀kẹ̀rẹ̀ ni ó ń jọba lórí ìlú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ irin bá délẹ̀, ilé àgbẹ̀dẹ ni gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà lọ. Ẹni tí ó rọ ìbọn fún bàbá bàbá mi ni a ń pè ní Bàbá Àgbẹ̀dẹ. Mo bá a nílẹ̀, mo sì rí bí ó ti ń ṣe. Bí ó bá rọ ìbọn tán, kì í gbé e fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Yóò dè é mọ́ ìdí igi ayín kan tí ó wà lẹ́yìn ilé, yóò fún un ní ẹ̀tù ju bí ó ti yẹ lọ, yóò so okùn gígùn mọ́ ibi tí a ń fà, yóò sì lọ dúró sẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn tí ó bá ti dún tán, yóò tú u, yóò fi ìka wá gbogbo ara irin náà bí ẹni tí ń wá egbò lára ọmọ, yóò sì fi owú kékeré kàn án. Bí irin bá dáhùn bí agogo, ó yè. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó di inú iná padà. Nígbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé ní Birmingham, ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọ ìbọn àìmọye fún òwò ilẹ̀ Áfíríkà, òfin ìjọba ni ó dá ilé kan sílẹ̀ ní 1813 fún irú ìdánwò yìí gan-an: kí wọ́n fún ìbọn tuntun ní ẹ̀tù ju ìwọ̀n lọ, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára. Bàbá Àgbẹ̀dẹ kò ní òǹtẹ̀. Igi ayín rẹ̀ ni òǹtẹ̀, ara igi náà sì kún fún ọgbẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣe rẹ̀ ni bí ó ti ń fa ìbọn lé ọdẹ lọ́wọ́. Kì í yin ìbọn náà pé ó lágbára. Yóò ní kí ọdẹ la ọwọ́, yóò bu ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, yóò wí pé, 'Oúnjẹ rẹ̀ nìyí.' Kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Inú irú àtẹ́lẹwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìlà òkè ara ìwo bàbá bàbá mi ti wá. Ìbọn méjì kì í sì í jẹ oúnjẹ kan náà, àní bí ó ṣe ọwọ́ kan ni ó rọ wọ́n. Nítorí náà ẹni tí ó bá jogún ìbọn láìjogún òṣùwọ̀n rẹ̀, ìdajì ogún ni ó jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ìbọn tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá ni ó wá pẹ̀lú irú àṣà yìí. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú kúrò ní bùdó títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn. Ìbọn tí a ń ti ìdí ki ni. Ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ ti wà pọ̀ nínú ìkarahun kan láti ilé iṣẹ́ tí ó ti wá. Ìró rẹ̀, ní ẹnu àwọn àgbà, ni ogun náà fi gba orúkọ. Àwọn òpìtàn a máa sọ̀rọ̀ lórí bí ìbọn wọ̀nyí ti yí ogun náà padà, wọ́n sì jàre. Ohun tí ó jọ mí lójú níbẹ̀ yàtọ̀. Mo rò pé àkókò náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ jagunjagun wa kọ́kọ́ di ìbọn mú tí kì í ṣe ẹni tí ó yìn ín ni ó wọn ẹ̀tù rẹ̀. Ẹnì kan tí wọn kò ní rí láéláé ti bá wọn wọ̀n ọ́n ní òkè òkun, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àwọn òyìnbó kò jẹ́ kí ìyẹn pẹ́. Ní 1890 ni àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Brussels nípa òwò ẹrú. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta ìṣáná tí inú rẹ̀ dán gbọ̀rọ̀, àti ẹ̀tù lásán tí a ń fi ṣòwò. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kì í ṣe pé ọdẹ wa kò mọ ohun tí ó dára ni ó fi ń gbé ṣakabùlà. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n jókòó sí ìlú tí òtútù ti ń mú, tí wọ́n fa ìlà fún un. Nígbà tí Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1916, wọ́n mọ bí ìlà yẹn ti rí lára. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, a kò pa ìlà náà rẹ́. Òfin Ìbọn ti 1959 ṣì wà lórí wa títí di òní. Ó fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ olórí orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n ìlà tí ènìyàn fà fúnra rẹ̀ náà a máa parẹ́, ibi tí ó sì ti máa ń parẹ́ jù ni òde òkú. Bí ọdẹ pàtàkì bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe ìṣípà fún un, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìbọn yóò sì máa dún. Kò sí ọta nínú ìbọn wọ̀nyí, nítorí náà ó máa ń dà bí ẹni pé kò sí ewu. Níbẹ̀ ni ìdíje ti ń wọlé. Ẹni tí ìbọn tirẹ̀ bá mi ògiri ni àwọn obìnrin yóò pa igbe fún. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò gbé àdó ẹ̀tù rẹ̀ dé ẹnu ìbọn, kò ní wá ìwo tàbí ìdérí mọ́. Yóò máa dà á bí ẹni tí ń da àgbàdo sínú ọlọ. Àwọn àgbà yóò máa wò ó, wọn yóò sì dákẹ́, nítorí òde ayẹyẹ kì í ṣe ibi tí a ti ń bá ọkùnrin wí.

Irú òde bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú wa. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, ọdẹ tí ó gbójú, rí i pé ẹ̀tù òun ti ń tán. Ó ní kátíríjì díẹ̀ lápò, irú èyí tí àwọn olówó ń fi sínú ìbọn olójú méjì. Ó tú wọn, ó sì da ohun tí ó wà nínú wọn sínú ṣakabùlà rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tù ni ẹ̀tù ń jẹ́, ti òyìnbó ni yóò sì dára jù. Irin ìbọn náà ya bí ewé kókò. Ìka mẹ́ta bá a lọ, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wà láàyè. A máa ń kí ara wa.

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é. Àwọn kan ní òkú ọdẹ náà ni ó ń bínú. N kò bá wọn jiyàn lójú agbo, ṣùgbọ́n n kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1884 ni ará Faransé kan tí ń jẹ́ Paul Vieille ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín, irú rẹ̀ ni ó sì wà nínú kátíríjì òde òní. Ẹ̀tù dúdú tiwa àti èyí kì í ṣe ọmọ ìyá. Díẹ̀ nínú tuntun lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú tàtijọ́, ohun tí ó sì burú jù ni pé bí wọ́n bá há a mọ́, bí ó ti ń jó ni jíjó rẹ̀ ń yára sí i. Irin àgbẹ̀dẹ tí ó fara da ẹ̀tù dúdú láti ọdún gbọọrọ kò lè fara da ìwọ̀n kan náà nínú èyí. Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà kò mọ orúkọ Vieille, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó tọ́: 'Ìbọn kò dalẹ̀. Oúnjẹ àjèjì ni wọ́n fún un.'

Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá yìí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀bá Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹnjiníà ni ọmọ náà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, 'Bàbá, ẹ wá wo ilé àgbẹ̀dẹ tèmi.' Ó mú mi lọ sí gáréèjì rẹ̀. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kan ẹ̀rọ ìtẹ̀ kékeré mọ́. Òṣùwọ̀n kan tí ó mọ́ bí ti oníṣòwò wúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ike kan sì kún fún ìkarahun idẹ tí wọ́n ti yìn rí, tí ó ti fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ó ń fúnra rẹ̀ ṣe ọta ìbọn ìléwọ́ rẹ̀! N kò mọ̀ rárá pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé wọn, tí òfin kò sì dí wọn lọ́wọ́, tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù sì ń tẹ ìwé ńlá jáde tí ń sọ fún wọn ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọn yóò dúró.

Ìwé náà wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo ṣí i, ẹ̀rín sì pa mí, nítorí pé fún ọta kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà méjì ni wọ́n kọ sí iwájú ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan: ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Ìwọ̀n tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, hóró ọkà ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, nítorí hóró ọkà báálì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ayé àtijọ́. 7,000 irú hóró bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú pọ́ùn kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwo ẹtu fún un. Kò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ńlá rẹ̀ kan náà ni.

Ìbọn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí John Browning ṣe, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1911, irú tí ń ki ara rẹ̀: bí ó bá ti yìn tán, yóò ta ìkarahun dànù, yóò sì gba òmíràn wọlé. Alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ti bá a pààrọ̀ irin ẹnu rẹ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀ kí ó lè lo ọta tí wọ́n ń pè ní 10mm, èyí tí ó jáde ní 1983. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ irú ìbọn náà ní 1911 kò gbọdọ̀ ti irin ju pọ́ùn 21,000 lọ lórí ìǹṣì kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n 10mm lè dé 37,500. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ń ba oko jẹ́ ní Texas ni ó ń torí rẹ̀ ṣe é. Ó tún sọ ohun kan tí ó yé mi dáadáa: ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹ̀tù kéré jù, nítorí kò ní lágbára tí yóò fi ṣí ara rẹ̀; kò sì fẹ́ kí ó pọ̀ jù, nítorí yóò máa fi ara rẹ̀ lu ara rẹ̀.

'Ibo ni ìwọ wá dúró?' ni mo bi í.

Ó fi ìka tẹ nọ́ńbà òkè nínú ìwé náà. 'Ìwé ní kí n dúró níbí, Bàbá. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ni àwọn tí ó kọ ìwé ń bẹ̀rù. Irin tèmi gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo ìkarahun lẹ́yìn tí mo bá yìn ín.'

Ó mú ìkarahun kan fún mi. Ìdí rẹ̀ ti wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Mo ní, 'Èyí kò ha ti bá ọ sọ̀rọ̀ bí?' Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀rọ kan hàn mí tí ń wọn eré ọta bí ó bá ti ń kọjá, ó sì sọ pé àwọn baba wa kò ní irú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá mọ eré ọta rẹ̀ ní nọ́ńbà mọ ohun tí bàbá bàbá mi kò lè mọ̀, n kò sì ní fi ìfẹ́ àtijọ́ bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ọta ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Kì í wọn sùúrù irin. Òun kan náà ni ó sì sọ fún mi, láìrò pé ó ń ràn mí lọ́wọ́ nínú iyàn, pé FBI, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wọn, sáré wá ọta tí ó le lẹ́yìn tí wọ́n pa méjì nínú wọn ní Miami ní 1986, pé 10mm ni wọ́n mú, pé kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, nítorí ó ń ta ọwọ́ àwọn tí ń yìn ín, àti pé inú dídín náà ni ọta mìíràn tí ó kúrú jù ú lọ ti jáde ní 1990, tí àwọn ọlọ́pàá káàkiri Amẹ́ríkà sì gbà. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n fún un, pé kí ó súnmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó ní, 'Bàbá, ẹlẹ́dẹ̀ ibí kì í jẹ́ kí ènìyàn súnmọ́ òun.' Kò sọ pé òun yóò padà sí ìlà òkè, èmi náà kò sì bi í mọ́, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti pè wá sí oúnjẹ.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ adùn lásán ni mo ń sọ, ti ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ tí ó ń fi ìbọn ṣeré. Ní Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Ẹfọ̀n tí mo bèèrè lọ́wọ́ bàbá bàbá mi ti sá sínú ọgbà ẹranko Old Oyo National Park, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1991, ọdẹ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé e débẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rán ọdẹ sí báyìí kì í ṣe ẹran. Láti 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó ti wọ ẹgbẹ́ náà, àwọn tí kò sì wọ̀ ọ́ náà ń ṣọ́ abúlé wọn lóru. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, aládùúgbò wa, wọ́n pa ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ, wọ́n sì dáná sun ààfin. Láti ìgbà náà, kò sí abúlé kan lọ́dọ̀ wa tí ó ń fi gbogbo ojú sùn.

Ìbọn tí irú àwọn agbébọn bẹ́ẹ̀ ń gbé káàkiri ilẹ̀ wa ni AK, tí ará Rọ́ṣíà kan, Kalashnikov, ṣe ní 1947. Ọgbọ̀n ọta ni ó wà nínú ilé ọta rẹ̀ kan, wọ́n sì lè tú gbogbo rẹ̀ dà kí ọdẹ wa tó fa ọ̀pá tí ó fi ń ki ìbọn yọ. Mo ti jókòó ní ìpàdé tí àwọn ènìyàn ńlá ti ń yin ọdẹ, tí wọ́n ní wọ́n nígboyà, wọ́n ní oògùn, wọ́n mọ igbó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí ọdẹ fi ṣakabùlà lọ pàdé irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ìlà kẹta ni ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fà, òun kọ́ ni yóò sì di ìbọn náà mú nígbà tí ó bá ya. Oògùn dára; kí ìjọba kọ́kọ́ pèsè ohun ìjà tí ó yẹ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwọn tí ó bá yàn, kí àwọn ọdẹ tí ó kù lè jẹ́ ojú àti etí fún wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn ti rí.

Àwọn ọ̀dọ́ kò lè dúró de ìyẹn. Ọmọ Bàbá Àgbẹ̀dẹ ni ó wà nídìí ewìrì báyìí, irun òun náà sì ti funfun. Mo wà níbẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé orí ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa. Ó ní òun fẹ́ ìbọn kúkúrú, ìléwọ́, èyí tí yóò gba kátíríjì, tí yóò sì le. Ó ní òun ti rí àwòrán irú rẹ̀ lórí fóònù.

Alágbẹ̀dẹ náà kò dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ó na ọwọ́ sí òkìtì irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páìpù omi àti ọ̀pá ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́, tí ó rà lọ́wọ́ àwọn oníkóńdóǹbílì. 'Wò ó, ọmọ mi,' ni ó wí. 'Irin tí bàbá mi ń lò, ó mọ ibi tí ó ti wá. N kò mọ ìyá èyí, n kò mọ bàbá rẹ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ ohun tí yóò jẹ?'

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, 'Bàbá, àwọn tí ń bọ̀ lóru kò ní bi yín ní ibi tí irin ti wá.'

Kò sí èyí tí ó dáhùn nínú àwa méjèèjì. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ mìíràn ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.